Bí Norda Facey Ṣe Gba Ìwé Ẹ̀rí Atọpinpin Jìbìtì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Norda Facey fi jókòó sídìí káńtà kan náà ní ìlú May Pen lórílẹ̀-èdè Jàmáíkà, ní ọ́fíìsì tó ń san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ṣúgà kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá sílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àyè ọ̀gá àwọn tó ń yẹ ìwé wò ṣí sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n gbé ẹlòmíì láti olú ọ́fíìsì ní Kingston wá jókòó lé e lórí. Àwọn méjèèjì kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nígbà tí wọ́n dé, Norda náà ló sì kọ́ wọn níṣẹ́. Ó wọlé lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Dacres, ọ̀gá àgbà, ó bi í pé kí ni òun ṣe tí wọ́n fi ń fò òun.

"O ò ṣe nǹkan kan, Norda," ni ọkùnrin náà wí. "Ìwé ni o ò ní. Èmi mọ̀ pé o mọṣẹ́, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀? Inú àpò ìwé wo ni màá kó o sí?"

Ìwé tó ń sọ ni ìwé ẹ̀rí atọpinpin jìbìtì, tí ẹgbẹ́ kan lókè òkun máa ń fún ẹni tó bá yege ìdánwò onípele mẹ́rin. Ọgbọ́n tí àwọn gbájúẹ̀ ń dá sí ìwé owó wà níbẹ̀, òfin wà níbẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́. Téèyàn bá yege tán, èèyàn mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé ọmọlúàbí ni, torí ẹgbẹ́ náà kò fẹ́ kọ́ olè ní bí wọ́n ṣe ń mú olè. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni Norda. Ó wò ó pé bí òun ò bá gba ìwé yìí báyìí, ìdí káńtà yẹn ni òun máa wà tí òun náà yóò fi fẹ̀yìn tì.

Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ fún ni Tíṣà Leopold Garrick. Ní Lime Walk, abúlé tí wọ́n bí Norda sí, tó ṣì ń gbé, bí o bá ti ní "Tíṣà" láìdárúkọ, gbogbo ayé ti mọ ẹni tí ò ń sọ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé ibẹ̀. Wọ́n tún jẹ́ JP, ẹni tí ìjọba fún ní òǹtẹ̀ láti máa fi jẹ́rìí sí ìwé aráàlú, ìbáà ṣe fọ́ọ̀mù páàsípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ilẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlá ni Norda nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Tíṣà ló ra bàtà ilé ìwé fún un, Tíṣà náà ló ń dá a dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ sílé, títí ìṣirò fi wọ̀ ọ́ lórí. Kò mọ bàbá kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ bàbá, ojú Tíṣà ló máa ń wá sí i lọ́kàn.

"Jìbìtì kẹ̀?" Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o ò lè parọ́ pé inú ń run ẹ́ kó o lè sá nílé ìwé! Báwo lo ṣe fẹ́ mọ ohun tí onírọ́ ń rò?"

"Ìyẹn náà ni mo fẹ́ lọ kọ́, Tíṣà."

"Ó dáa. Gbé ìwé náà wá ní Sátidé. Èmi pẹ̀lú ẹ la jọ máa kà á. Orí tèmi náà ti ń dípẹtà, jẹ́ ká jọ nù ún."

Bí Sátidé ṣe di ọjọ́ ìwé nìyẹn, láti oṣù Kẹsàn-án. Norda á gbé bámì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ẹja díndín wá, Tíṣà á ti se tíì ewé míńtì sílẹ̀, wọ́n á gbé ìwé ràbàtà náà sórí itan lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n á wo Norda láti orí awò ojú.

"Kí ni nǹkan mẹ́ta tó ń sọ olóòótọ́ di olè?"

"Ìnira tó fún un lọ́rùn, àyè tó ṣí sílẹ̀ fún un, àti àwáwí tó fi ń tan ara ẹ̀ jẹ."

"Wo ẹnu! Tún un sọ, kí àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà gbọ́ pé mo ní akẹ́kọ̀ọ́."

Láàárín ìbéèrè, èèyàn á yọ lẹ́nu géètì tòun ti fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ti ọ́fíìsì Norda fúnra rẹ̀, èyí tí gbogbo ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti fi hàn pé òun ṣì wà láàyè. Òfin ní kí JP fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni náà kó tó tẹ òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Lime Walk, ta ló fẹ́ gbé arúgbó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè? Ará ilé rẹ̀ á kàn mú fọ́ọ̀mù wá pẹ̀lú iṣu méjì tàbí èso jáloké kan, Tíṣà á béèrè àlàáfíà, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀, ó parí. Bí JP bá ní kí wọ́n lọ gbé Màmá wá kí òun rí i, ó ti pe gbogbo ilé yẹn ní onírọ́ nìyẹn, wọn ò sì ní kí i mọ́. Norda mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì tí fọ́ọ̀mù wọ̀nyí ń já sí ló ti ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń gbà wọ́n wọlé, kò sì fìgbà kan rí nǹkan burúkú níbẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí wọ́n tó bí i nìyẹn.

Míìsì Ionie nìkan ló máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tó ṣì ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀.

"Tíṣà, mo wá fara hàn o, kí àwọn ará ọ́fíìsì Norda má lọ sin mí."

"Míìsì Ionie, ta ló máa sin yín? Ikú gan-an ń gba ẹ̀yìn ilé yín kọjá!"

Orí ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ayédèrú ìwé ni Tíṣà fẹ́ràn jù. Norda á fẹ́ fò ó, wọ́n á ní kó padà síbẹ̀.

"Dúró ná. Torí pé ọjọ́ kan náà ló wà lórí gbogbo ìwé náà ni wọ́n fi mú ọkùnrin yìí? Ọjọ́ lásán?"

"Ọjọ́ lásán, Tíṣà. Àti báírò. Ẹni tó bá jókòó kọ ogún ìwé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, báírò kan ló máa ń lò, ọwọ́ ẹ̀ á sì mọ́ jù. Ìwé tó ti ọwọ́ arúgbó wá, ó máa ń ní àbàwọ́n."

"Òmùgọ̀ gbáà! Lọ́fíìsì tiyín ńkọ́, ṣé ẹ̀yin máa ń wo báírò?"

"A kì í wò ó, Tíṣà. Orúkọ àti òǹtẹ̀ là ń wò. Àmọ́ àwọn ti Kingston lè fẹ́ wò ó lọ́dún yìí."

Norda kò fi nǹkan kan pa mọ́. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn pé ẹni tó kọ́ òun ní A, B, D ti wá ń bi òun ní ìbéèrè. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn?

Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, ó ti yege gbogbo ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà dìde, wọ́n ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ẹgbẹ́ òkè òkun náà fún gbogbo ìjọ gbọ́, pé láti ìgbà tí Norda ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá làwọn ti mọ̀ ọ́n, pé àwọn fi orúkọ àwọn dúró fún un. Norda sunkún débi pé wọ́n ní láti yá a ní áńkáṣíìfù. Ó ku kí ìwé ẹ̀rí dé.

Ọ̀gbẹ́ni Dacres kò tiẹ̀ dúró dè é. Ní oṣù Kẹjọ, ó kó fọ́ọ̀mù ọdún méjì abúlé méjìlá lé Norda lórí tábìlì, ó ní kó fi ọgbọ́n tuntun rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Norda ṣe abúlé mọ́kànlá, ó fi Lime Walk sẹ́yìn. Ó ti mú báírò láti máàkì í láìṣí i pàápàá. Ta ló ń yẹ Tíṣà wò? Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ iye fọ́ọ̀mù tó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nìkan ló jẹ́ kó tú u.

Ìwé kẹrin jẹ́ ti bàbá arúgbó kan ní abúlé wọn, Máàsì Zephaniah Coley. Norda rẹ́rìn-ín. Máàsì Zeph tí wọ́n ti sin láti ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún, tí òun gan-an kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin níbi ìsìnkú rẹ̀, tí Tíṣà ka ìtàn ayé rẹ̀ títí àwọn èèyàn fi ń nu ojú. Fọ́ọ̀mù náà ní Máàsì Zeph wá síwájú Tíṣà ní oṣù Kẹta ọdún yìí, ó sì fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n kọ orúkọ rẹ̀. Norda ní àṣìṣe ni. Ó ṣí òmíràn. Nígbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀ fáìlì, ó ti rí òkú márùn-ún tí wọ́n ń gba owó.

Ó wá tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Àwọn tó ti pẹ́ nínú fọ́ọ̀mù òkú náà, ọjọ́ kan náà ló wà lórí gbogbo wọn, báírò dúdú kan náà, wọ́n mọ́ tónítóní. Láti oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, wọ́n yí padà lójijì. Ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Búlúù, dúdú, búlúù. Ìtẹ̀ka níbì kan, àbàwọ́n tíì níbòmíràn. Oṣù Kọkànlá ni òun àti Tíṣà ka orí ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ayédèrú. Ó gbé kàlẹ́ńdà, ó ń ka àwọn Sátidé padà sẹ́yìn, ó sì rí i pé ohun tí òun bá wí lọ́dẹ̀dẹ̀ ní Sátidé, ó ti máa ń wà lórí fọ́ọ̀mù kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ó dùn ún. N kò ní fi bọpo bọyọ̀, ó dùn ún ju ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú lọ. Ẹni tó bá jí owó òkú, ó jí owó òkú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn jókòó tì ọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, kó máa jẹ ẹja rẹ, kó máa yìn ọ́, kó sì máa fi ẹnu rẹ kọ́ iṣẹ́ olè! Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ "wọ́n" fún ọkùnrin yìí nítorí Norda. Ó tó gẹ́ẹ́.

Ní Sátidé, Norda lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Garrick wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó gbé ife tíì kalẹ̀.

"Mélòó lo rí?"

"Márùn-ún."

"Méje ni," ló wí, bí ìgbà tó ń máàkì ìwé. "Ó yẹ kó o rí méje."

"Tíṣà, kí ló dé?"

"Kí ló dé, kí ló dé. Ilé iṣẹ́ ṣúgà yẹn lo ọkùnrin bíi Zeph gbẹ bí ìrèké, wọ́n wá sọ èèpo ẹ̀ nù. Ta ni mo jí nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀? Zeph bínú sí mi ni?"

"Àwáwí nìyẹn. Ẹ̀yin náà lẹ ń bi mí nípa ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, ohùn tó fi máa ń ṣàlàyé ìṣirò tó le. "Norda, ọmọ mi, rò ó dáadáa. Tó o bá kọ ọ́, wọ́n á bi ẹ́ pé ta ló sọ ohun tí ọ́fíìsì ń wò fún mi. Kí lo máa wí? Lẹ́tà mi ló tún wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó yẹn. Ọjọ́ tí mo bá di olè, lẹ́tà olè ni wọ́n fi mọ̀ ẹ́. Ó kù díẹ̀ kí ìwé ẹ ó dé. Gbà á ná. Jẹ́ kí àwọn òkú sinmi."

 Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Norda láti bi í.

"Àwọn Sátidé wa yẹn, ṣé ọ̀kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi?"

Garrick rò ó. Ó rò ó tọkàntọkàn.

"Méjì, mẹ́ta àkọ́kọ́," ló wí.

Kò tiẹ̀ lè parọ́ kékeré kan láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Norda dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, kò dágbére.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé ìwé olójú ewé méjì síwájú Ọ̀gbẹ́ni Dacres. Ojú ewé kìíní sọ̀rọ̀ nípa òkú méje. Ekejì sọ gbogbo ohun tí òun fúnra òun ti sọ fún Garrick lọ́dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ báírò, ọ̀rọ̀ ọjọ́, ọ̀rọ̀ Kingston. Ọ̀gbẹ́ni Dacres fi ìka kan tẹ ojú ewé kejì.

"Norda, mi ò tíì ka èyí. O lè mú un padà kí n tó kà á."

"Ẹ kà á, sà."

Ó kà á. Wọ́n ní kí Norda má ṣe fọwọ́ kan fáìlì mọ́ títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó, káńtà nìkan ni kó máa dúró sí. Ẹgbẹ́ òkè òkun kọ̀wé pé àwọn dá ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dúró ná: bí ìgbìmọ̀ bá rí i pé ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kò ní gbà á láéláé. Ní Lime Walk, ibi tí gbogbo èèyàn ti pàtẹ́wọ́ fún un, ìjókòó tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì di òfìfo. Wọ́n ti sọ gbogbo fọ́ọ̀mù tí òǹtẹ̀ Garrick wà lórí rẹ̀ di asán, gbogbo arúgbó abúlé sì gbọ́dọ̀ wọ takisí wá sí May Pen wá fara hàn. Ta ni wọ́n di ẹ̀bi náà rù? Norda ni.

"Norda," ni Míìsì Ionie wí, ó gbé ọwọ́ gbẹ lé káńtà. "Fọwọ́ kàn mí. Ṣé mo gbóná àbí mo tutù?"

"Ẹ gbóná, Míìsì Ionie."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là Jàmáíkà ni mo san fún takisí kí n lè wá gbóná níwájú ẹ."

Ìgbìmọ̀ jókòó ní oṣù Kẹwàá. Èèyàn mẹ́ta láti Kingston, tábìlì gígùn kan, Ọ̀gbẹ́ni Dacres lẹ́gbẹ̀ẹ́. Norda kò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ìrètí kan wà lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo ohun tó fẹ́ kò ju pé kí Garrick sọ òótọ́ kan, pé ọmọ yìí kò mọ̀. Ó dá a lójú pé yóò sọ ọ́. Ẹni tó ra bàtà fún ọ, kò ní ṣàì sọ ìyẹn.

Obìnrin tó jẹ́ alága bi í pé, "Ọ̀gbẹ́ni Garrick, ṣé Míìsì Facey mọ ohun tí ẹ ń ṣe?"

Garrick dìde nínú kóòtù dúdú tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo Norda, ó sì yíjú kúrò.

"Ó mọ̀," ló wí. "Òun ló mú un wá. Mo ti darúgbó, ìyá mi, kí ni mo mọ̀ nípa ọ́fíìsì? Òun ló ń gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi tó ti kọ ohun gbogbo sí i tán, èmi kàn ń tẹ òǹtẹ̀ torí mo gbà á gbọ́." Ó mú fọ́ọ̀mù Máàsì Zeph lórí tábìlì, ó gbé e sókè. "Èyí gan-an. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà."

Ohun tó ń wá kò ṣòro láti mọ̀. Bí wọ́n bá gbà pé ọmọ ọ́fíìsì ló tan bàbá arúgbó jẹ, àánú á ṣe wọ́n, wọn ò ní rán an lọ sẹ́wọ̀n.   Alága bi Norda bóyá ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Norda dìde. Kò pariwo.

"Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta, láti aago kan títí di mẹ́ta ọ̀sán, Kingston ni mo wà. Mò ń ṣe ìdánwò ìpele kejì. Wọ́n gba káàdì mi lẹ́nu ọ̀nà, kámẹ́rà sì wà lójú mi títí mo fi parí. Ìwé ẹ̀rí pé mo jókòó rèé." Ó gbé e síwájú wọn. Ó wá kọjú sí Garrick. "Ẹ̀yin lẹ gbàdúrà fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ di ọwọ́ mi mú lẹ́nu géètì. Ẹ mọ̀ pé n kò ní wá kàwé ní Sátidé yẹn, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ráyè jókòó kọ ọ́."

Ó mú àwọn ọjọ́ yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó to ibi tó wà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìbuwọ́lù ọ́fíìsì tó fi hàn pé ìdí káńtà ló jókòó sí. Ìdajì wákàtí ló gbà á. Alága kò tún bi Garrick ní nǹkan kan.

Ẹgbẹ́ òkè òkun gba lẹ́tà Ọ̀gbẹ́ni Dacres dípò ti Garrick, ìwé ẹ̀rí sì dé ní oṣù Kejìlá. Norda ti di ọ̀gá àwọn tó ń yẹ ìwé wò lónìí. Àwọn ará Lime Walk ti ń kí i padà díẹ̀díẹ̀. Bí o bá bi í nípa ọ̀rọ̀ náà, yóò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ láìfi nǹkan pa mọ́, àfi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìta yàrá ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó, èyí tó jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó lè sọ ọ́ fún mi.

Garrick dúró síbẹ̀ láàárín ọlọ́pàá méjì, ó ń retí ọkọ̀. Norda fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwò ó.

"O tò ó dáadáa, Norda," ló wí. "Mi ò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀."

Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tà á lójú gbogbo ayé láti fi ra ara rẹ̀ padà! Ó yẹ kí Norda tutọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kó sọ ohun tí yóò dun ọkùnrin náà dọ́jọ́ ikú. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó dùn bí inú ọmọ ọdún mọ́kànlá, kó sì tó mọ̀ pé ó ń dùn, ẹnu rẹ̀ ti là.

"Ẹ ṣé, Tíṣà," ló wí.